Ẹran Ìhà Tí Ìjàpá Sun fún Ìyá Ẹkùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jókòó dáadáa, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó yáa wú u tán báyìí. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra, ó fò lórí ẹyín iná, kò jóná. Ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé, ó gbọ́ òórùn ẹran, ó dúró. Ta ló bá níbẹ̀?

Ìjàpá ni!

Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ìjàpá náà ni, ọkọ Yánníbo. Ta ni ì bá tún jẹ́? Níbi tí ẹran bá ti ń ta sánsán, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì. Ó sọ nǹkan kan nù níbi ẹran náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì rí i mọ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ nínú ẹnu ara rẹ̀ ló ti sọ ọ́ nù. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Ẹkùn ni baálẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó gan-an. Àìsàn kan kọ lu ìyá yìí ní àsìkò ọyẹ́, ó dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tó dìde, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, ó ní rárá. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹja dé, ó kọjú sógiri. Ó ń rù lójoojúmọ́. Ẹkùn tí gbogbo ìlú ń sá fún kò mọ ohun tó lè ṣe ju kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìyá rẹ̀, kó máa bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá mi, kí lẹ máa jẹ? Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Ìyá yíjú kúrò lára ògiri. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹran ìhà màlúù lẹnu mi ń fẹ́. Ẹ má bọ̀ ọ́ o. Ẹ má sì gé e wẹ́wẹ́. Odidi ni kí ẹ sun ún, tòun ti egungun rẹ̀, bí bàbá mi ṣe máa ń sun ún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí mo bá rí ìyẹn, n ó jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹkùn pa màlúù. Ó gé ẹgbẹ́ ìhà kan sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹran ni ẹran yìí! Egungun méje tò gbọọrọ gbọọrọ, ẹran tó nípọn jókòó lé wọn lórí, ọ̀rá funfun sì bo ẹ̀yìn rẹ̀ bí aṣọ òtútù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sun ún? Gbogbo ìyàwó ilé tó wà nílùú yẹn, ẹran bíbọ̀ àti ẹran díndín ni wọ́n mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń sun odidi ìhà: Ìyá Òkété, opó kan tó ń dá gbé nínú ihò rẹ̀ lẹ́yìn ìlú, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ẹkùn ní òun máa ránṣẹ́ pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ta sí Ìjàpá létí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ìjàpá jẹ́ nídìí ààrò fún yín. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ Yánníbo, kò dá iná rí. Bí omi bá ń hó lórí iná, Yánníbo ló máa pè pé kó wá wò ó bóyá omi náà ti jinná. Ṣùgbọ́n tó bá kan ká bú oúnjẹ ẹlòmíì, kò sí ẹni tó dà bíi rẹ̀. Ọbẹ̀ ti Àgbọ̀nrín, ó ní omi ìfọwọ́ ni. Ẹran díndín ti Ewúrẹ́, ó ní bàtà ni. Ó máa jẹ ẹ́ tán, ó máa fi ìka nu àwo, lẹ́yìn náà ló máa wá bú u.

Nígbà tó gbọ́ pé egungun méje ni, itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó gbé itọ́ náà mì, ó dìde, ó kọrí sọ́dọ̀ Ìyá Òkété.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá wa," ló wí, ó dọ̀bálẹ̀ débi pé igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kọ̀ǹgọ̀.

Ìyá Òkété ń lọ ata lọ́wọ́. Ó gbójú sókè. "Ọkọ Yánníbo. Kí ló gbé ọ wá síhìn-ín? Mi ò tíì se nǹkan kan o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oúnjẹ dá mi lóhùn. Ìmọ̀ ni mo wá gbà. Ìyàwó mi ló ní kí n bá òun béèrè bí wọ́n ṣe ń sun ìhà màlúù. Ó ní nínú gbogbo ìlú yìí, ẹ̀yin nìkan ni olùkọ́."

Ẹni jẹ́jẹ́ ni Ìyá Òkété. Kì í fi ohun tó mọ̀ pamọ́. Ó nu ọwọ́, ó ní:

"Kò le. Iyọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀la la fẹ́ sun ún, òní la ó ti fi iyọ̀ pa á lára, tẹ̀yìn tiwájú, kó lè wọ inú ẹran lọ. Bílẹ̀ bá mọ́, a ó gbé e síta díẹ̀ kí òtútù kúrò lára rẹ̀. A ó wá fi egungun tẹ́ ìsàlẹ̀, kí ọ̀rá wà lókè, kó lè máa yọ́ sára ẹran fúnra rẹ̀. Iná jẹ́jẹ́ la ó fi sun ún o, ẹyín iná, kì í ṣe èyí tó ń jó lala. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ la ó wá koná mọ́ ọn, kí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, kó máa rún wọ́mú."

"Lẹ́yìn náà ká máa jẹ," ni Ìjàpá wí.

"Kò tíì yá! Ó máa sinmi. Ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, gbogbo omi ara rẹ̀ ló ń sá kiri. Bí o bá gé e lójú ẹsẹ̀, omi náà á dà nù, ẹran á wá gbẹ bí igi. Ewé ni kí o fi bò ó. Fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò tí èèyàn fi lè gúnyán kó sì jẹ ẹ́ tán. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i wò."

Ìjàpá na ọrùn síta. "Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kí ni?"

"Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i wò."

Ẹ wo ayé! Nínú gbogbo ohun tí ìyá yìí kọ́ ọ, gbólóhùn kan yìí ló wọ̀ ọ́ lára jù. Ó dúpẹ́, dúpẹ́, ó fẹ̀yìn rìn jáde. Bó ṣe jáde, kò yà sílé. Ọ̀dọ̀ Ẹkùn ló gbà lọ tààrà.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Mo gbọ́ pé Òkété ni ẹ fẹ́ fún ní ẹran ìyá wa."

"Ó di ọ̀la. Kí ló dé?"

Ìjàpá mi orí. Ó tú itọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kò sí o. Mo kàn ní kí n bi yín ni. Ṣé ẹ ti wọ ibi tó ti ń dáná rí? Inú ilẹ̀ ni! Erùpẹ̀ lókè, erùpẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá sín pẹ́nrẹ́n, iyanrìn á já sínú ìkòkò. Ìyá yín tí eyín wọn ku mẹ́rin yẹn, ṣé iyanrìn lẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi jẹ?"

Inú Ẹkùn bàjẹ́. "N kò ronú kan ìyẹn. Ta ló wá kù tó lè sun ún?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Baálẹ̀. Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ?"

"Èmi." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ẹ̀kọ́ Ìyá Òkété lẹ́sẹẹsẹ, iyọ̀, òtútù, egungun nísàlẹ̀, ọ̀rá lókè, ó ń fọwọ́ júwe bí ẹni tí wọ́n bí sídìí ààrò. Ẹnu ya Ẹkùn. Ó ní kó wá sun ún nínú ọgbà òun.

"Áà, rárá o!" ni Ìjàpá wí. "Nílé alásè ni wọ́n ti ń sun irú ẹran yìí. Ààrò tó bá mọ ọwọ́ mi nìkan ló lè gbọ́ tèmi. Kí ẹ̀yin àti ìyá àti gbogbo ìlú máa bọ̀ nílé mi lọ́sàn-án ọ̀la. Èmi Ìjàpá ni n ó gbà yín lálejò."

Ẹkùn gbé ẹran náà lé e lọ́wọ́. Ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú.

"Egungun méje," ni Ẹkùn wí. Ojú rẹ̀ ń tàn yòò. "Mo ti gbé e wò. Mo mọ bó ṣe wúwo tó. Bó bá dọ̀la, n ó tún gbé e wò."

"Iná máa ń fa ẹran díẹ̀ o, Baálẹ̀."

"Díẹ̀," ni Ẹkùn wí. "Mo mọ díẹ̀."

Ilé Ìjàpá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, odò sì ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń gbé ẹran yìí gòkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wo odò yẹn, ó sì rẹ́rìn-ín. Ohun tó rò nìyí: òun á jẹ ẹran egungun márùn-ún, òun á fi òkúta odò dípò rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ má yẹ̀, òun á sì fi èèpo ọ̀rá tó pọ́n bo òkúta náà lórí. Egungun méjì tó kù, òun á fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀. Níbẹ̀ ni òun á ti gé fún Ìyá Ẹkùn àti Ẹkùn níṣojú gbogbo ìlú. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á yin òun. Lẹ́yìn náà, òun á gbé èyí tó kù bí ẹni tó fẹ́ máa pín in kiri, ẹsẹ̀ òun á kọ, gbogbo rẹ̀ á yí gbirigbiri wọ odò. Ta ló máa lọ wá ẹran nísàlẹ̀ odò? Ó tilẹ̀ ti ń kọ́ bí òun á ṣe sunkún.

Yánníbo rí ẹran náà, inú rẹ̀ dùn. "Bàálé mi, ẹ̀yin náà dá iṣẹ́ ṣe! Ẹ jẹ́ kí n bá yín koná."

"Iná wo? Obìnrin, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ rere ni èyí. Bó bá dàárọ̀ ọ̀la, kí o lọ já ewé efinrin wá fún mi ní òdìkejì odò, lẹ́bàá oko Ẹfọ̀n."

"Efinrin wà lẹ́yìnkùlé wa."

"Ti ẹ̀yìnkùlé ò dára. Ti ọ̀ọ́kán ni mo fẹ́."

Ahun ni, ẹ̀yin ọmọ. Kò fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ ní ìwọ̀n èékánná lára rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi iyọ̀ àti ata pa ẹran náà lára. Nígbà tílẹ̀ mọ́, tí Yánníbo ti gba ọ̀nà oko Ẹfọ̀n lọ, ó ṣe gbogbo ohun tí Ìyá Òkété wí. Ó fi ẹyín iná sun ún jẹ́jẹ́. Ọ̀rá ń yọ́, ó ń kán sínú ẹyín iná, ó ń dún ṣáà, ṣáà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ẹran náà dára. Ẹ̀kọ́ Ìyá Òkété kò lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà tilẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́ Ìjàpá. Òórùn rẹ̀ gba orí òkè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìlú. Ọ̀bọ jí lójú oorun, ó ti ń rìn lọ kó tó mọ̀ pé òun ń rìn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo ìlú ti pé síwájú ilé Ìjàpá. Wọ́n gbé Ìyá Ẹkùn wá lórí àga, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ẹkùn dúró tì í. Ìyá Òkété náà wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó ti gbọ́ ohun tí Ìjàpá sọ nípa ihò rẹ̀.

Ìjàpá yọ sí wọn, ọ̀bẹ lọ́wọ́, òógùn lójú. "Ẹran ti kúrò lórí iná!"

Wọ́n hó yèè.

"Ṣùgbọ́n ó ń sinmi."

"Ó ń kí ni?" ni Ọ̀bọ bi í.

"Ó ń sinmi. Ẹ̀yin ẹlẹ́ran bíbọ̀ gbogbo, ṣé ẹ rò pé bíi ti yín ni, tí ẹ máa ń fa ẹran látinú ìkòkò jù sẹ́nu? Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i wò báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Kí ẹ bi Òkété bóyá irọ́ ni."

Wọ́n yíjú sí Ìyá Òkété. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹran tí wọ́n sun báyìí máa ń sinmi."

"Ẹ gbọ́? Ó yá, ẹ bá mi gbè é. Bí ẹ bá ti gbọ́ ohùn mi, kí ẹ mọ̀ pé mò ń ṣọ́ ọ fún yín." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dá orin. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ gbè é:

Ẹran ń sùn o,
    Ẹ má jí i!
Àárẹ̀ iná ti mú un,
    Ẹ má jí i!
Ẹni tó jí i á jẹ gbígbẹ,
    Ẹ má jí i!
Ẹ fara balẹ̀ o, ọlọ́fun gígùn,
    Ẹ má jí i!

Bí wọ́n ṣe ń gbè é níta, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ń jẹun nínú ilé. Ó fi ọ̀bẹ ṣí èèpo ọ̀rá náà bí ẹni ṣí aṣọ, ó gé ẹran abẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, omi ń sun lára rẹ̀, ó rọ̀ débi pé ahọ́n nìkan tó o. "Ẹran ń sùn o," ó gé kan. "Ẹ má jí i!" ó gbé e mì. Egungun kan, egungun méjì. Ó lá omi ẹran tó wà nínú àwo. Egungun mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Inú rẹ̀ ti le bí igbá. Ó kó òkúta odò tó ti rù pamọ́ sídìí ààrò, ó tò wọ́n sórí egungun, ó da èèpo ọ̀rá bò wọ́n, ó sì fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í yíká. Ẹ bá rí i, ẹ̀yin gan-an á ní ẹran ni.

Ó ku egungun méjì. Èyí tí gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ dúró lé lórí.

Ó wò wọ́n. Wọ́n wò ó.

"N ó kàn tọ́ ọ wò ni," ló sọ fún ara rẹ̀. "Ṣé bí iyọ̀ rẹ̀ ò bá tó, ta ni wọ́n máa bú?" Ó gé fẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ó tún gé fẹ́lẹ́ mìíràn kí ojú ibi tó gé lè dọ́gba. Kò dọ́gba. Ó tún gé e. Níta, wọ́n ń gbè é: Ẹ má jí i! Nígbà tó máa fi mọ ohun tó ń ṣe, egungun ló ń họ. Ẹran tán. Ẹ wo òmùgọ̀! Ó fẹnu ara rẹ̀ jẹ ọ̀nà tó fẹ́ gbà sá lọ.

Orin dá. Ẹkùn gbá ilẹ̀kùn. "Ìjàpá! Ẹni tó gúnyán ti jẹ ẹ́ tán, ó ti fọ àwo. Gbé ẹran jáde!"

Ìjàpá sáré padà sídìí ààrò. Ó fi òkúta méjì kún inú rẹ̀ níbi tó kù, ó fa okùn le. Ó ní nínú ara rẹ̀, kò burú, mo máa ṣubú ní kété tí mo bá jáde. Ó gbé àwo náà, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ẹ̀kejì, ó ti fẹ́ dà gbirí sí ọ̀nà odò, ni Ẹkùn bá na apá, ó gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yóò wúwo jù fún ọ," ni Ẹkùn wí. Ó gbé e wò. "Óò. Iná ò tilẹ̀ fa kankan nínú rẹ̀. Egungun méje. O ṣe é, Ìjàpá." Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹran náà pọ́n, ó ń dán. Gbogbo ìlú mí kanlẹ̀. Ìyá Òkété dìde lẹ́yìn, ó rọra súnmọ́ ọn, ó wo inú àwo.

"Ọkọ Yánníbo," ló wí, "ẹran tó bá sinmi máa ń sun omi sábẹ́. Àwo yìí gbẹ. Níbo ni omi rẹ̀ wà?"

Ìjàpá fò sókè. "Ẹ gbọ́ aláìmọ́! Ẹni tí ń gbé inú ihò ló fẹ́ kọ́ mi ní ẹran sísun? Omi rẹ̀ wà nínú ẹran, níbi tó yẹ kó wà! Ẹran yìí rọ̀ débi pé ọmọ tí wọ́n bí lánàá á jẹ ẹ́. Èmi ò wulẹ̀ ní fi eyín kàn án, ètè nìkan tó mi!"

Ìyá Ẹkùn gbé orí sókè. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mọ́ mi, ọmọ mi. Nílé bàbá mi, alásè ló ń kọ́kọ́ gé e jẹ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Sún mọ́ ibí, wá gé e jẹ."

Ìjàpá fà sẹ́yìn. "Ìyá, mo ti yó."

"Kí lo jẹ?" ni Ọ̀bọ bi í.

"Òórùn rẹ̀. Àti pé... eyín ń dùn mí."

"O ní ètè nìkan tó ọ," ni Ẹkùn wí. Ó fi èékánná mẹ́rin lé igbá ẹ̀yìn Ìjàpá, ó tì í síwájú jẹ́jẹ́. "Ìyá mi ní kí o jẹ ẹ́."

Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó di ojú, ó ya ẹnu, ó bu ẹran jẹ.

Kẹ̀rẹ́!

Eyín mẹ́rin já bọ́ sínú àwo bí hóró àgbàdo tí wọ́n yin.

"Kí ló dún?" ni Ìyá Ẹkùn bi í.

"Egungun ni mo bá pàdé, Ìyá."

"Ẹ̀yìn ẹran lo ti bù ú. Egungun wà nísàlẹ̀," ni Ẹkùn wí. "Bù ú níbòmíì."

Kẹ̀rẹ́! Kẹ̀rẹ́!

"Ìyẹn ńkọ́?"

"Ibi thí iná ò dé ni," ni Ìjàpá wí. Ọ̀rọ̀ ti ń fẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bí atẹ́gùn, nítorí kò sí ohun tó lè dá a dúró mọ́ níwájú.

"Máa jẹ ẹ́ lọ," ni Ẹkùn wí.

Ó bù ú lẹ́ẹ̀kẹta. Eyín tó kù bá a lọ, okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì já. Èèpo ọ̀rá ṣí sílẹ̀. Òkúta àkọ́kọ́ yọ, ó ṣubú gbì! Èkejì tẹ̀lé e, gbì! Gbogbo wọn tú síta, wọ́n yí gbirigbiri lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n wọ odò: jàbú, jàbú, jàbú. Egungun méje ló kù nínú àwo, ó mọ́ bí èyí tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ látorí ẹ̀ka igi tó wà. Àgbọ̀nrín gbá a mú, òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Ètè nìkan tó o!" ni wọ́n ń wí. "Ó ti wá ku ètè lóòótọ́!"

Ẹkùn ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ sókè láti fọ́ Ìjàpá mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn tí kò gbọ́ láti ìgbà ọyẹ́. Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó di ìhà mú.

"Ẹkùn, fi í sílẹ̀," ló wí. "Kí lo fẹ́ fi í ṣe? Ẹran ara rẹ̀ ò tó jẹ, ìtìjú rẹ̀ sì ti tó o. Yéè, inú mi! Ẹ̀rín yìí ti sọ ebi sí mi nínú. Ta ló mọ ẹran sun nínú yín lóòótọ́?"

Ojú ti Ẹkùn. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ bá Ìyá Òkété, níwájú gbogbo ìlú. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹnu onírọ́ ni mo gbọ́, mo sì gbà á gbọ́."

Ìyá Òkété wò ó díẹ̀. "Mo bínú, Baálẹ̀. Ihò tí ọkọ mi gbẹ́ fún mi ni wọ́n bú, ẹ ò sì wá wò ó kí ẹ tó gbà. Ṣùgbọ́n ebi ń pa ìyá yín. Ẹ wá ìhà mìíràn, kí ẹ sì wá igi ayìn tó gbẹ."

Ọjọ́ kejì, nínú ihò tí wọ́n bú yẹn, tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, ni Ìyá Òkété ti sun ẹran. Ó fi ewé bò ó kó sinmi. Kò sí ẹni tó kọrin, kò sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn jókòó yí i ká, wọ́n ń wo ewé náà. Nígbà tó ṣí i, tó fi ọ̀bẹ gba àárín egungun, omi rẹ̀ sun sínú àwo. Ìyá Ẹkùn fi eyín mẹ́rin rẹ̀ jẹ ẹran egungun kan tán, ó ní kí wọ́n gé sí i. Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Yánníbo náà wà níbẹ̀. Nígbà tó ti oko Ẹfọ̀n dé lọ́jọ́ tó ṣáájú pẹ̀lú ewé efinrin lọ́wọ́, tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó da ewé náà síwájú ọkọ rẹ̀. Ìyá Òkété fún un ní egungun méjì tó kún fún ẹran. Ó jókòó sójú agbo, ó jẹ ẹ́ tán, ó fá a, ó fọ́ ọ, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀.

Ìjàpá wà nílé. Òórùn ẹran ń bá a níbẹ̀. Nígbà tí Yánníbo wọlé, ó na ọrùn.

"Kí lo mú bọ̀ fún mi?"

"Ẹran kò sí," ni Yánníbo wí. "Ṣé ẹ máa lè rún un ni? Ẹ̀fọ́ tútù wà níbẹ̀ yẹn, ó rọ̀."

Títí di òní, ẹ ya ẹnu Ìjàpá wò, ẹ ò ní rí ẹyọ eyín kan níbẹ̀. Ètè líle lásán ló ní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé olú àti ewé rírọ̀ àti èso tó ti rà ló ń jẹ kiri inú igbó. Ẹni bá sì rí i tó ń fi ètè họ egungun lórí ààtàn, kó má ṣàánú rẹ̀.

Ibi tí mo bá ìtàn yìí dé nìyẹn, ẹsẹ̀ mi ò kọjá ibẹ̀. Bí mo bá purọ́, kí eyín tèmi náà ká sílẹ̀ níwájú yín. Bí òótọ́ ni mo sọ, ẹ gbọ́ wọn bí mo ṣe ń pa wọ́n pọ̀: kẹ́, kẹ́, kẹ́!